Bí ìpalára bá dá oníṣẹ́ ara-ẹni dúró: ìdójútòfò tó yẹ kí ẹ rà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti bí ẹ ṣe máa gba owó rẹ̀

Bí ẹsẹ̀ wẹ́dà bá kán ní Ìjẹ̀bú-Òde, owó ilé ìwòsàn kọ́ ni gbogbo wàhálà rẹ̀. Eegun ojúgun tó kán lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó lè gba ìwúwo ẹni tó ń gbé irin. Oúnjẹ ilé, owó ilé-ìwé, owó ṣọ́ọ̀bù àti àjọ tó ń dá kò sì ní dúró de ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó fara pa ṣì ń retí owó oṣù. Ní ti télọ̀, mẹkáníìkì, bíríkìlà, onígàrí, ọlọ́kadà, àti ẹni tó ń la pákó ní sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó, ọjọ́ tí wọn ò bá ti jáde ni owó ti dúró.

Oríṣi ìdójútòfò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìnṣọ́ránsì, pọ̀ lórí àtẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kan owó oúnjẹ yìí rárá. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni kí ẹ gbé lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì èyíkéyìí: bí mi ò bá lè ṣiṣẹ́ nítorí ìpalára, èló lẹ ó máa fún mi lọ́sẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kelòó, títí di ọ̀sẹ̀ kelòó? Ìwé tí kò bá dáhùn ìbéèrè yẹn lè wúlò fún nǹkan mìíràn, àmọ́ òun kọ́ ni yóò bọ́ ilé yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ọ̀sẹ̀ kan ń mú wọlé

Kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ yín kọjá. Ẹ yọ owó irin, owó rọ́ọ̀dù, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ iṣẹ́ kúrò. Èyí tó kù ni èrè, òun sì ni ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò máa fẹ́ rí. Ká ní wẹ́dà kan ń jèrè ₦35,000 lọ́sẹ̀. Bó bá jókòó fún ọ̀sẹ̀ 16, ₦560,000 ló ti lọ, a ò tíì ka owó ìtọ́jú. Bó bá ti ra ìdójútòfò tó ń san ₦20,000 lọ́sẹ̀, tí wọn kì í san ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 14 ni yóò gbà, ìyẹn ₦280,000. Ìdajì géérégé. Kò bo gbogbo ihò, àmọ́ kò ní jẹ́ kó ta ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀. Títa irinṣẹ́ láti fi ra oúnjẹ ló ń sọ ìpalára oṣù mẹ́rin di gbèsè ọdún púpọ̀, nítorí ara á yá tán, kò ní sí ohun tí onítọ̀hún á fi ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pàdánù ni ẹ̀rí owó. Ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò kì í fẹ́ san ju ohun tí ẹ lè fi hàn pé ẹ ń rí lọ. Ẹ ní kí àwọn oníbàárà máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, ó kéré tán àwọn iṣẹ́ ńlá. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ déètì, irú iṣẹ́, owó tó wọlé àti owó tó jáde. Ẹ máa gé rìsíìtì fún oníbàárà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ìwé yìí máa ń tó. Àwọn kan ń sá fún àkọsílẹ̀ nítorí owó orí, àmọ́ lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n ń bu owó orí lé lọ́dún kò ní owó orí kankan lórí. Ìbẹ̀rù yẹn kò tó ohun tó yẹ kó gba ẹ̀rí lọ́wọ́ yín.

Ohun tó lè ti wà lọ́wọ́ yín, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí òfin fi dandan rà, èyí tí wọ́n ń pè ní third party, ni ó ń tan èèyàn jẹ jù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ₦3,000 ni ti alùpùpù lọ́dún, ₦5,000 ni ti kẹ̀kẹ́ Márúwá, ₦15,000 sì ni ti mọ́tò aládàáni. Ọlọ́kadà tó san ₦3,000 rò pé òun ti dójú tófò ara òun. Rárá o. Ẹni tí ó bá kọlù àti ohun tó bà jẹ́ ni ìwé yẹn wà fún. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ṣubú ní oríta Ṣàgámù tí apá rẹ̀ kán, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ fún un.

Ìwé yẹn kan náà lè gbè yín bó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn ló gbá yín, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ẹ lè béèrè owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó dójú tófò ọkọ̀ tó gbá yín. Kí ẹnì kan bá yín ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ náà àti ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ lè wò ó lórí askniid.org bóyá ìnṣọ́ránsì rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Àwọn tí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀ lójú títì lórí «ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ₦20,000 yìí» ti ta ẹ̀tọ́ tó lè tó owó oṣù púpọ̀.

Ìdójútòfò ìlera ń sanwó fún ilé ìwòsàn. Kì í fún yín lówó lọ́wọ́. Òfin NHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tó jáde ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Àjọ Ìdójútòfò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ògùn ló sì ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ara-ẹni sílẹ̀ níbí. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, torí bí owó ìtọ́jú bá ti jẹ gbogbo ìpamọ́ yín, owó ọ̀sẹ̀ kò ní ràn. Àmọ́ kí ẹ tó san, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé iṣẹ́ abẹ eegun àti irin tí wọ́n ń fi dè é wà nínú rẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín rà wọ́n? Oṣù mélòó ni ẹ máa dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ilé ìwòsàn wo nítòsí ni wọ́n máa kọ yín sí, ibo ni wọ́n sì máa gbé yín lọ bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ?

NSITF ni àpò tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí lábẹ́ òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa níbi iṣẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ń san lóṣooṣù ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má yára kọjá, nítorí òfin yẹn ka òṣìṣẹ́ ojúmọ́, òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Bíríkìlà tí ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàgámù gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń san owó ojúmọ́ fún, lè ní ẹ̀tọ́ sí i bó bá já láti orí àkàbà níbẹ̀. Kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ìbéèrè owó náà kò sì gbọdọ̀ kọjá ọdún kan. Bákan náà, ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ru ẹrù yìí fún wọn. Bí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ bá gé ìka ọmọ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni òfin máa kọ́kọ́ wò.

Bí ẹ bá ti yá owó ní báǹkì kékeré, ẹ wo ìwé owó tí wọ́n yọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ owó ìnṣọ́ránsì nínú rẹ̀ láì ṣàlàyé. Ẹ béèrè bóyá ikú nìkan ló bò, tàbí ó tún ń san gbèsè náà bí ẹ bá di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti gba owó yín, nítorí náà ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé rẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì fún oníṣẹ́ ara-ẹni tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso owó ìfẹ̀yìntì, gbé kalẹ̀ ní ọdún 2019 kì í ṣe ìdójútòfò, àmọ́ wọ́n ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú apá kan tí èèyàn lè fà jáde nígbà tí nǹkan bá le. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni apá yẹn, 60 sì wà fún ọjọ́ ogbó. Ẹ bá ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó yín wádìí iye tó jẹ́ báyìí kí ẹ tó gbára lé e.

Ìdójútòfò ìjàǹbá ara-ẹni: èyí gan-an là ń wá

Personal Accident ni wọ́n máa ń kọ sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè rà wọ́n pọ̀ tàbí kí ẹ yọ òmíràn: owó ikú fún ẹbí, owó àbùkù tí kò ní lọ mọ́, owó ọ̀sẹ̀ fún àkókò tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́, àti owó ìtọ́jú tó ní gbèdéke. Aṣojú tó bá fẹ́ kí owó rẹ̀ dà bíi pé ó kéré máa ń yọ owó ọ̀sẹ̀ kúrò láì sọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn fi jẹ́ ti ikú nìkan. Ẹ ka ìwé náà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ Temporary Total Disablement, ìyẹn àìlèṣiṣẹ́ rárá fún ìgbà díẹ̀. Bí iye owó kò bá sí níwájú rẹ̀, ẹ ò ní owó ọ̀sẹ̀.

Owó ọ̀sẹ̀ yìí ní ààlà. Ọ̀sẹ̀ 52 tàbí 104 ló wọ́pọ̀ jù. Ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ sì lè jẹ́ èyí tí wọn kì í san. Bí ọjọ́ ìdúró bá ṣe gùn tó ni owó tí ẹ ń san lọ́dún ṣe máa fúyẹ́ tó. Fún ẹni tó ní ẹgbẹ́ tó ń ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọjọ́ ìdúró 14 dára, torí oṣù kejì sókè ni ebi ń bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Owó àbùkù ní àtẹ tirẹ̀. Ojú méjèèjì tàbí ọwọ́ méjèèjì tó lọ jẹ́ ìdá 100, ẹ̀yà ara kan jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ìka sì kéré gan-an. Ohun tó yẹ kó dun oníṣẹ́ ọwọ́ ni pé àtẹ yìí kò mọ iṣẹ́ yín. Àtàǹpàkò télọ̀ àti àtàǹpàkò olùkọ́ jẹ́ ìdá kan náà lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè kọ ọ́ pé bí ẹ kò bá lè ṣe iṣẹ́ *tiyín* mọ́, kì í ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí. Ilé-iṣẹ́ míì á gbà, wọn á fi owó díẹ̀ lé e. Bó bá ṣeé rà, ẹ rà á. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ni irinṣẹ́, gbólóhùn kan yẹn ju fífi ₦500,000 kún owó ikú lọ.

Iye tí ẹ máa san dá lórí iṣẹ́. Ipele mẹ́ta ló wọ́pọ̀: oníṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ láì fọwọ́ kàn án, àti ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ká fi ìṣirò lásán ṣàpẹẹrẹ: bí ilé-iṣẹ́ bá ń gba ₦4 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan fún ipele kẹta, ₦1,000,000 owó ikú àti àbùkù máa jẹ́ ₦4,000 lọ́dún, wọ́n á wá fi ti owó ọ̀sẹ̀ àti owó ìtọ́jú lé e. Ẹ gba iye lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, lórí iṣẹ́ kan náà, gbèdéke kan náà àti ọjọ́ ìdúró kan náà. Bí ọ̀kan bá kéré ju méjì yòókù lọ púpọ̀, nǹkan kan ti kúrò nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń pa kíléèmù, ìyẹn bíbéèrè owó ìdójútòfò, jù ni kí aṣojú kọ «oníṣòwò» fún ẹni tó ń la pákó, kí owó lè wálẹ̀. Ọjọ́ tí sọ́ọ̀ bá gé ọwọ́, ilé-iṣẹ́ á wo fọ́ọ̀mù, wọ́n á wo ìwé dókítà, wọ́n á sì kọ̀. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, irinṣẹ́ tí ẹ ń lò àti bí ibi tí ẹ ń gùn ṣe ga tó. Bí ẹ bá ń ṣe oko ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ sọ ọ́. Bí ẹsẹ̀ yín ti kán rí, ẹ sọ ọ́.

Ohun tí wọn kì í san lé

Ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí nínú ìwé àdéhùn ju gbogbo ibi yòókù lọ.

Ọ̀kadà ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjàǹbá ara-ẹni yọ gígun alùpùpù kúrò pátápátá, bóyá ẹ ń wà á ni o tàbí ẹ jókòó sẹ́yìn. Ní agbègbè wa níbi tó jẹ́ pé ọ̀kadà ló ń gbé bíríkìlà lọ síbi iṣẹ́, ìwé tó yọ ọ́ kúrò ti yọ ìdajì ewu yín kúrò. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà sínú ìwé, kí ẹ sì rí i ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú kò tó. Ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ìwé tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, kí ó sì ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọtí ni èkejì. Bí dókítà bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọtí wà lẹ́nu ẹni tó fara pa, kíléèmù ti wọ wàhálà. Paraga ìdajì ife ní gáréèjì láàárọ̀ tó láti fi kọ owó ọdún kan.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí kì í ṣe ìjàǹbá. Lójú ìwé, ìjàǹbá ni ohun tó dé lójijì, láti ìta, tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ẹ̀yìn tó ń dun ẹni tó ti gbé sìmẹ́ńtì fún ọdún mẹ́wàá, ìpá, ojú tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nítorí iná ìjórin, àti rọpárọsẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Ìdójútòfò àìsàn líle, tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdójútòfò ẹ̀mí, ni ẹ máa bi wọ́n léèrè fún rọpárọsẹ̀. Èyí tó ń san iye kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn náà wà, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti dá yín sílẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi de eegun (POP) lẹ́sẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Ìtọ́jú eegun sì rèé, ilé ni èèyàn ti ń lo ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ orí náà ń bẹ. Ọ̀pọ̀ kì í gba ẹni tó bá ti ju ọdún 65 lọ.

Bí owó kò bá tó: ìdójútòfò kékeré àti takaful

NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìdójútòfò, ṣe òfin sílẹ̀ fún ìdójútòfò kékeré fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2018, gbèdéke tí wọ́n lè dójú tófò fún ẹnì kan kò kọjá ₦2,000,000. Ìwé rẹ̀ máa ń kúrú, wọ́n sì lè gba owó lóṣooṣù tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti orí fóònù. Ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé owó ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ikú àti ìsìnkú ni púpọ̀ nínú wọn dá lé.

Mùsùlùmí tí kò fẹ́ ohun tó ní èlé nínú lè wá ilé-iṣẹ́ takaful. Owó àjọni ni wọ́n ń dá sínú rẹ̀ láti fi ran ara wọn lọ́wọ́, èyí tó bá sì ṣẹ́kù lè padà sọ́dọ̀ àwọn tó dá a. Ìbéèrè owó ọ̀sẹ̀, ọjọ́ ìdúró àti ọ̀kadà ni kí ẹ bi àwọn náà.

Ẹ jọ rà á

Ẹnì kan tó lọ ra ìwé ₦6,000 kò ní ohùn ní ọ́fíìsì ìdójútòfò. Ẹgbẹ́ wẹ́dà tàbí ẹgbẹ́ télọ̀ tó kó ogójì èèyàn lọ ní ohùn. Wọ́n lè ní kí wọ́n dá ọ̀kadà padà sínú ìwé, kí ọjọ́ ìdúró kúrú, kí wọ́n má bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè ìlera. Rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa tó ń jọ dá aṣọ fún Ojúde Ọba lọ́dọọdún, àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri Rẹ́mọ, ní akọ̀wé, ní akápò, ní ọjọ́ ìpàdé. Gbogbo ohun tí ìwé ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ nílò ti wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo gbà gidigidi pé ọ̀nà yìí ló dára jù fún wa.

Ìṣòro tó ń fọ́ ọ ni àkókò. Òfin ìdójútòfò ní Nàìjíríà ni pé láì san owó, kò sí ìdójútòfò. Ilé-iṣẹ́ kò ní gba «a ó parí rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀». Bí ₦6,000 bá kan ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ₦125 ní ọ̀sẹ̀ 48 ló máa kó o jọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 48 yẹn gbọ́dọ̀ ṣáájú ọdún tí ìwé máa bẹ̀rẹ̀. Tàbí kí ẹgbẹ́ yá ₦240,000 náà nínú àpò rẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa san án padà. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò ní sí lórí orúkọ ọdún tó ń bọ̀, kí ẹjọ́ má bàa wà lọ́jọ́ ìjàǹbá. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bá wọlé láàárín ọdún, orúkọ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ìwé títí tí ilé-iṣẹ́ fi kọ lẹ́tà pé àwọn ti fi kún un.

Ẹ tún fi àpò kékeré kan ti ìdójútòfò yẹn lẹ́yìn. Ọgbọ̀n èèyàn, ₦500 lóṣù, ₦180,000 ni lọ́dún. Bí òfin rẹ̀ bá jẹ́ ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ó lè gbé èèyàn mẹ́ta lọ́dún. Òun ló máa bo ọjọ́ ìdúró àti ọ̀sẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń yẹ ìwé wò. Kò lè gbé oṣù mẹ́fà, ẹ má sì ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á

Ẹ má fi owó sọ́wọ́ aṣojú. Àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì NAICOM kí ẹ tó san. Orúkọ yín lórí fọ́ọ̀mù, lórí NIN àti ní báǹkì gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tí wọ́n mọ̀ sí «Àlàbá Fọkanáísà» ní àdúgbò, tí orúkọ rẹ̀ ní báǹkì yàtọ̀, máa rin ìrìn púpọ̀ kí owó rẹ̀ tó jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé àdéhùn tó kún, kì í ṣe sáátífíkéètì ojú ìwé kan, yẹ kó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ tàbí aya yín àti akọ̀wé ẹgbẹ́, nítorí ó lè jẹ́ àwọn ló máa sáré rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa tán sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì tó tán kò ní owó.

Lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ibi tí dókítà tó ní ìwé àṣẹ wà: ọsibítù ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, OOUTH ní Ṣàgámù, Babcock ní Ìlíṣàn, tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa gba àwọn atoeegun gbọ́, ìdílé mìíràn kò sì ní gbà kí wọ́n lọ ibòmíràn. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò kò ní gba ìwé lọ́wọ́ atoeegun, ọjọ́ tí ẹ bá sì lò níbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ilé ìwòsàn lójú wọn. Ewu ara náà wà níbẹ̀: eegun tí wọ́n dè le jù lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà títí ẹsẹ̀ yóò fi kú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ gbé yín kúrò nílé ìwòsàn, ẹ má kúrò láì gba fọ́tò x-ray, ìwé tí dókítà kọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti gbogbo rìsíìtì. Ẹni tó ti pẹ́ ní ilé atoeegun fún oṣù méjì kó tó lọ sọ́dọ̀ dókítà kò ní ẹ̀rí kankan fún oṣù méjì yẹn.

Ẹ fi tó ilé-iṣẹ́ létí láàárín wákàtí 24 bó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe nígbà tí ara bá yá tán. Ẹ wo iye ọjọ́ tí ìwé yín fún yín. Ẹ pè, kí ẹ sì tún kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí ímeèlì tàbí WhatsApp kí déètì rẹ̀ lè wà: orúkọ, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn méjì, ilé ìwòsàn tí ẹ wà. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀, ìwé ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò ibẹ̀ kí wọ́n tó gbá a, àti orúkọ ẹni méjì tó rí i.

Ìwé dókítà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. «Kí ó sinmi» kò tó. Ẹ bẹ dókítà kí ó kọ ohun tó ṣe yín, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, àti pé ẹ kò lè ṣe iṣẹ́ náà rárá láti déètì báyìí títí di déètì báyìí. Bí déètì yẹn bá ń tán lọ tí ara kò tíì yá, ẹ padà gba òmíràn *kí ó tó* tán. Àlàfo ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìwé méjì ni ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kò ní san.

Bí ẹ bá ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láti máa darí ọmọ iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Owó lè dínkù sí ti ẹni tó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ayẹ̀wéwò wọn wá bá yín níbẹ̀, kí wọ́n fagi lé gbogbo rẹ̀.

Kí owó tó jáde, wọ́n á fún yín ní ìwé kan láti bu ọwọ́ lù, discharge voucher ni wọ́n ń pè é. Ẹ kà á, kí ọmọ tó mọ̀wé bá yín kà á. Bó bá sọ pé owó yìí ni gbogbo ohun tí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí, tí ẹ ò sì ní béèrè òmíràn mọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì, ẹ má bu ọwọ́ lù ú. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé owó ọ̀sẹ̀ láti ìgbà báyìí dé ìgbà báyìí ni, àti pé ìyókù ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ebi bu ọwọ́ lu ìwé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó oṣù mẹ́ta tó kù.

Bí wọ́n bá ń fà á tàbí tí wọ́n bá kọ̀

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sínú lẹ́tà, kí wọ́n sì tọ́ka sí gbólóhùn inú ìwé àdéhùn tí wọ́n dúró lé. Nígbà míì, ìwé kan péré ló kù tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ní NAICOM, Plot 1239, Ladoke Akintola Boulevard, Garki II, Abuja, tàbí kí ẹ fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ láti orí ìkànnì wọn. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àdéhùn, rìsíìtì owó tí ẹ san, ìwé dókítà, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ àti àkọsílẹ̀ déètì gbogbo ìpè yín sínú rẹ̀. Ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́, ẹ̀dà ni. Bó bá jẹ́ ìwé ẹgbẹ́ ni, kí alága àti akọ̀wé bu ọwọ́ lu lẹ́tà náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan náà.